OLÓYÈ ANTHONY ENAHORO: AṢOJÚ TÍ KÒ FI Ẹ̀RÙ PA ẸNU RẸ̀ MỌ́

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ìpolongo ẹgbẹ́ wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn

 

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú yín dìde, ó nawọ́ sí àwòrán kan lára ògiri, ó sì bi wá pé: "Ẹ̀yin bàbá wa, kí ni ọkùnrin yìí ń ṣe láàrin àwọn aṣáájú yín? Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ẹ̀yin náà sì ni ẹ sọ fún wa pé ní ọdún 1979, inú ẹgbẹ́ mìíràn ni ó wà." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan bínú, ẹnì kan tilẹ̀ ní kí ọmọ náà jókòó. Àwa ní kí ó dúró. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni ó béèrè, ẹgbẹ́ tí kò bá sì lè dá ọmọ rẹ̀ lóhùn kò yẹ ní ẹgbẹ́ tí à ń dìbò fún. A ṣèlérí ìdáhùn. Ìdáhùn náà ni a mú wá lónìí.

Olóyè Anthony Enahoro ni ọkùnrin náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1952 títí di ìgbà tí ìjì ọdún 1962 gbé e lọ, inú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ó wà, yálà ní Ìbàdàn níhìn-ín tàbí ní Èkó. Ó jẹ́ mínísítà, ó jẹ́ alátakò, ó jẹ́ ìsáǹsá, ó sì jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ó dé bá a nítorí pé ó dákẹ́.

ÌBẸ̀RẸ̀ RẸ̀

Ìlú Uromi ní ilẹ̀ Esan ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 22 oṣù Keje, ọdún 1923. Abẹ́ ìpínlẹ̀ Edo ni Uromi wà nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Enahoro wọ ilé ìgbìmọ̀, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn kan náà pẹ̀lú Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú, Oǹdó àti Bìní ni ó wà. Ọmọ olùkọ́ ni, ó sì kàwé ní King's College ní Èkó. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ààlà òde òní wọn ènìyàn ìgbà náà. Àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn tí ó sọ èdè púpọ̀ ni ó rán an níṣẹ́, ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ìbàdàn yìí kan náà ni ó ti kọ́kọ́ di gbajúmọ̀. Ọmọ ọdún 21 péré ni nígbà tí ó di olótùú ìwé ìròyìn Southern Nigerian Defender, tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Dókítà Nnamdi Azikiwe. Ẹ ro ó wò. Ọmọ ọdún 21 mìíràn ṣì ń béèrè owó ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Eléyìí ń kọ ìwé tí àwọn ọ̀gá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kà láàárọ̀ kí wọn tó jẹun. Lẹ́yìn náà, ó ṣe olótùú ìwé ìròyìn Comet, ó sì ṣiṣẹ́ nínú West African Pilot. Ìjọba kò jẹ́ kí ó gbádùn. Ó wẹ̀wọ̀n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí ohun tí ó kọ àti ohun tí ó sọ. Ní ọdún 1948, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Zikist pe ìpàdé ní Èkó láti sọ pé kí a má san owó orí fún àjèjì mọ́, Enahoro ni ó jókòó sí ipò alága. Kì í ṣe òun ni ó kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà ní ọjọ́ náà, síbẹ̀ kò sọ pé òun kò sí níbẹ̀. Ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n.

BÍ Ó ṢE DÉ ILÉ ÌGBÌMỌ̀

Ní ọdún 1951, nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Action Group, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, sílẹ̀, Enahoro darapọ̀ mọ́ ọn. Ìbò ọdún náà kò rí bí ìbò òde òní. Àwọn ará abúlé yan aṣojú, àwọn aṣojú náà kóra jọ, wọ́n tún yan ẹlòmíràn láàrin ara wọn, títí ó fi kan ẹni tí yóò lọ sí Ìbàdàn. Àwọn tí ó wọlé sí Ìbàdàn ni ó tún yan àwọn tí yóò lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ ní Èkó. Ọ̀nà náà gùn, ó sì ṣe kọ́lọkọ̀lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ Uromi gba ibẹ̀ kọjá, ó sì jókòó ní ilé méjèèjì.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti wúwo jù.

ÀBÁ ỌJỌ́ 31 OṢÙ KẸTA, ỌDÚN 1953

Ní Ilé Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ ìgbà náà, aṣojú 68 ni ó ti Àríwá wá, 34 ti Ìlà-Oòrùn wá, 34 sì ti Ìwọ̀-Oòrùn wá. Ẹni tí ó mọ ìṣirò oko lè rí i pé bí Àríwá kò bá fẹ́ ohun kan, ohun náà kò ní rọrùn. Enahoro mọ ìṣirò yìí. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ọdún 1953, ó dìde, ó sì dá àbá pé kí ilé náà gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun àkọ́kọ́ tí a ń lépa pé kí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà gba ìjọba ara-ẹni ní ọdún 1956. Kò tíì pé ọmọ 30 ọdún.

Kí ni ó le nínú àbá náà? Ọdún tí ó dá ni. Gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ pé àwọn fẹ́ òmìnira. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń sọ pé wọn yóò fún wa. Ṣùgbọ́n gbèsè tí kò ní ọjọ́, ọ̀rẹ́ ni onígbèsè ń fi í ṣe. Enahoro dá ọjọ́ sí gbèsè náà, níwájú gbogbo ayé, kí ẹni tí ó jẹ ẹ́ má lè sọ mọ́ pé òun gbàgbé.

Sardauna Sókótó, Alhaji Ahmadu Bello, dá àtúnṣe sí i pé kí wọ́n yọ "ọdún 1956" kúrò, kí wọ́n fi "ní kété tí ó bá ṣeé ṣe" sí i. Ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà ti pinnu ṣáájú pé kí mínísítà kankan má dá sí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn mínísítà mẹ́rin tí ó jẹ́ ti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ kọ̀, wọ́n sì fi ipò wọn sílẹ̀: Olóyè Bọ̀dé Thomas, Olóyè S. L. Akíntọ́lá, Arthur Prest, àti Ọọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ sún ìjíròrò náà síwájú, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ àti NCNC, àwọn méjì tí ẹnu wọn kì í kò, jùmọ̀ dìde, wọ́n sì jáde kúrò nínú ilé.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a kò gbọdọ̀ fi ìtàn náà mọ sí ibi tí ó dùn. Àwọn èrò Èkó fi àwọn aṣojú Àríwá ṣe yẹ̀yẹ́ lójú pópó, wọ́n bú wọn, wọ́n sì hó lé wọn lórí. Ìyẹn kò dára. Àwọn ará Àríwá kò kọ òmìnira nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ẹrú. Ilé ẹ̀kọ́ wọn kéré nígbà náà, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé bí òyìnbó bá lọ, ará Gúúsù ni yóò jókòó sí gbogbo àga tí ó ṣófo. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, nígbà tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ lọ ṣe ìpàdé ní Kánò, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ó sì jà fún ọjọ́ mẹ́rin. Ènìyàn 36 ni ìjọba kà pé ó kú, ju 200 lọ sì fara gbọgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí wà lára ohun tí a fi ra òmìnira, láti Àríwá àti láti Gúúsù bákan náà.

Ẹnì kan lè wí pé: àbá náà kò yege, kí ni èrè rẹ̀? Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún náà gan-an, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pe gbogbo àwọn aṣáájú wa sí ìpàdé ní Lọ́ńdọ̀nù. Òfin tuntun dé ní ọdún 1954, ó sì fún àgbègbè kọ̀ọ̀kan ní agbára tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn gba ìjọba ara-ẹni ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, ọdún 1957. Àríwá gbà á ní ọdún 1959. Akíntọ́lá tún dá àbá òmìnira ní ilé náà ní ọdún 1957, Rẹ̀mí Fani-Kayode dá a ní ọdún 1958, Tafawa Balewa fúnra rẹ̀ sì dá a ní oṣù Kìíní ọdún 1960. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún náà, a gbé àsíá wa sókè. Irúgbìn tí ẹnì kan gbìn ní 1953, tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, òun ni a ká ní 1960. Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, ẹ mọ̀ ju àwa lọ pé ẹni tí ó gbin igi lónìí kì í ká a lọ́la.

IṢẸ́ TÍ A RÍ NÍ ÌBÀDÀN

Nígbà tí Enahoro fi jẹ́ mínísítà ọ̀ràn abẹ́lé ní Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ìlú yìí yí padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọmọ tí ó lé ní 800,000 sì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà. Ìjọba náà ni ó bẹ̀rẹ̀ ilé gbígbé Bódìjà, níbi tí púpọ̀ nínú yín ti wá lónìí. Òun ni ó kọ́ pápá ìṣeré tí ó wà ní ẹ̀bá Ring Road, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1960, tí wọ́n sì sọ ní Liberty, èyíinì ni Òmìnira, kí ó tó di pé wọ́n fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè é ní ọdún 2010.

Ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ náà jẹ mọ́ àbá ọdún 1953 gan-an. Lẹ́yìn tí àwọn aṣojú wa jáde kúrò ní ilé, Gómìnà Macpherson bọ́ sí orí rédíò, ó sì bá ẹgbẹ́ wa wí níwájú gbogbo ìlú. Awólọ́wọ̀ béèrè àyè láti fèsì, wọn kò fún un. Àwọn aṣáájú wa kò sunkún. Wọ́n ní ẹni tí a kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ nílé onílé, kí ó kọ́ ilé tirẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n owó ta ni a fi ṣe gbogbo rẹ̀? Owó yín ni, ẹ̀yin àgbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó lọ́wọ́ yín san owó tí ó kéré sí èyí tí ayé ń san, ó sì fi ìyókù pamọ́ sí àpò ìjọba. Púpọ̀ nínú rẹ̀ di ilé ẹ̀kọ́ àti ọ̀nà. Ilé Kòkó tí ẹ ń wò lókè orí wa ní Dùgbẹ̀ yìí, tí wọ́n parí ní ọdún 1965, orúkọ rẹ̀ ń jẹ́rìí sí ẹni tí ó san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Coker ṣe alága rẹ̀ ní ọdún 1962 sọ pé lára owó náà gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé ọ̀tá ni ó yan ìgbìmọ̀ náà. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀, àpò àgbẹ̀ kì í ṣe àpò ẹgbẹ́, ẹni tí ó bá fẹ́ kí a gba òun gbọ́ lónìí, kí ó kọ́kọ́ gba èyí.

LÁTI IPÒ GÍGA DÉ Ẹ̀WỌ̀N

Ìbò ọdún 1959 gbé Enahoro padà sí Èkó, ó sì jókòó sí apá àwọn alátakò gẹ́gẹ́ bí agbẹnusọ wọn lórí ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn lórí ọ̀ràn ológun, àwọn alátakò ní òmìnira wo ni a gbà bí ọmọ ogun àjèjì bá ṣì ní ẹ̀tọ́ nínú ilé wa? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn dìde láti Àgbowó níbẹ̀ yẹn, wọ́n lọ sí Èkó, wọ́n sì fẹ̀hónú hàn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1962, wọ́n fagi lé àdéhùn náà. Ẹ rí i pé alátakò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè ṣe ìlú láǹfààní láìjẹ mínísítà.

Ọdún 1962 yìí kan náà ni ilé wa fọ́. Ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, gbogbo yín ni ẹ mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, àwọn aṣòfin fi àga ja ara wọn ní Agodi, ọlọ́pàá sì fín tajútajú lé wọn jáde. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde òfin pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà Majẹ́kódùnmí ṣe alákòóso. Wọ́n há àwọn aṣáájú mọ́lé ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba kàn wọ́n.

Enahoro sá gba Gánà, ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba Nàìjíríà ní kí wọ́n dá a padà, ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì sì mú un ní oṣù Kọkànlá ọdún 1962. Òfin ọdún 1881 kan tí wọ́n ṣe nípa àwọn ìsáǹsá láàrin ilẹ̀ ọba wọn ni wọ́n fi dè é mọ́ ẹ̀wọ̀n Brixton. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ di àríyànjiyàn ní ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan níbẹ̀ ní òṣèlú ni, kì í ṣe olè, a kì í sì í fa òṣèlú lé ọ̀tá rẹ̀ lọ́wọ́. Mínísítà abẹ́lé wọn, Henry Brooke, kò gbà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963, wọ́n gbé e padà wá. Agbẹjọ́rò Gẹ̀ẹ́sì tí ó fẹ́ gbèjà rẹ̀, ìjọba wa kò jẹ́ kí ó wọ ìlú. Ẹ wo bí ayé ti yí: ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n nígbà èwe nítorí pé ó ń béèrè òmìnira, nígbà tí òmìnira dé, Gẹ̀ẹ́sì fà á lé ìjọba òmìnira lọ́wọ́, ìyẹn náà sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ọdún 15 ni adájọ́ dá fún un ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963. Inú àhámọ́ ni ó wà nígbà tí wọ́n dá Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìwé tí ó kọ nípa ọ̀ràn náà, Fugitive Offender, jáde ní ọdún 1965, òun fúnra rẹ̀ kò sì lè jáde.

ÌDÁHÙN SÍ ÌBÉÈRÈ NÁÀ

Ìjọba Gowon dá a sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1966. Ó di kọmíṣọ́nnà fún ìròyìn àti ọ̀ràn iṣẹ́ ní ọdún 1967, òun ni ó sì ṣáájú àwọn aṣojú ìjọba lọ sí ìpàdé àlàáfíà ní Kampala ní ọdún 1968. Ìpàdé náà kò mú àlàáfíà wá, ogun sì pa ènìyàn lọ jáǹtìrẹrẹ. Àwọn kan kò dárí jì í títí di òní pé ó jẹ́ ẹnu ìjọba ológun nígbà ogun. A kò lè sọ pé kí wọ́n má bínú.

Nígbà tí òṣèlú padà dé, kò bá Awólọ́wọ̀ lọ sínú UPN; ó wọ NPN. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa, òtítọ́ ni o sọ. Ó dun àwọn bàbá wa wọra. Àwọn kan yọ àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó sì pẹ́ kí ó tó padà síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Nígbà tí àwọn ológun fagi lé ìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọdún 1993, tí Olóyè M. K. O. Abíọ́lá jẹ, ọkùnrin arúgbó tí kò ní ohun kan láti jẹ níbẹ̀ mọ́ tún dìde. Ó wà lára àwọn aṣáájú NADECO ní ọdún 1994. Wọ́n mú un, wọ́n tì í mọ́lé. Ní ọdún 1996, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ ó tún sá jáde kúrò ní ìlú gẹ́gẹ́ bí ó ti sá ní 1962. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni ìbò ọmọ Yorùbá ni ó ń jà fún, nígbà tí àwọn ọmọ Yorùbá kan ń jẹun lọ́dọ̀ àwọn tí ó fagi lé e. Ó padà sílé ní ọdún 2000, ó sì jáde láyé ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá, ọdún 2010, ní ẹni ọdún 87.

Nítorí náà, ìdáhùn wa rèé. A kò gbé àwòrán náà kọ́ nítorí pé kò ṣàṣìṣe. Bí ó bá jẹ́ ti àwọn tí kò ṣàṣìṣe ni, ògiri wa yóò ṣófo. A kò gbé e kọ́ nítorí pé ó jẹ́ tiwa títí dé òpin. Kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. A gbé e kọ́ nítorí pé nígbà tí wọ́n rán an lọ sí ilé ìgbìmọ̀, ó sọ ohun tí wọ́n rán an ní ọjọ́ tí ó léwu láti sọ ọ́, ó sì san owó rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ìbò ń bọ̀, àwọn tí yóò tọrọ ìbò yín yóò dé sí oko yín àti sí ojúlé yín. Wọn yóò mú àpò ìrẹsì àti aṣọ ẹgbẹ́ wá. Bí ẹ bá gbà á, ẹ tún bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta tí ìtàn yìí kọ́ wa. Àkọ́kọ́: àbá wo ni o dá ní orúkọ wa, ọjọ́ wo ni o sì dá sí i? Ìkejì: nígbà tí àwọn ọ̀gá rẹ ní kí o dákẹ́, ǹjẹ́ o dákẹ́? Ìkẹta: owó tí a fi lé ọ lọ́wọ́, níbo ni ó wà? Bí ọmọ ẹgbẹ́ wa ni kò bá lè dáhùn, ẹ má ṣe tìtorí pé ọmọ ẹgbẹ́ wa ni kí ẹ rán an. Ẹgbẹ́ tí ó ń bẹ̀rù ìbéèrè yìí ti kú kí ọjọ́ ìbò tó pé.

Ọmọ tí ó béèrè ọ̀rọ̀ yìí wà láàrin wa nísinsìnyí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó máa béèrè lọ.